Oko Tí Kò Ní Àgbẹ̀

Irú àwòrán kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára ògiri yàrá ìkàwé wa ní Ìlọrin, nínú pálọ̀ àwọn onílé, lórí kàlẹ́ńdà, àti ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí a ti ń ta àwòrán fún àwọn èrò ọkọ̀. Ahéré kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Igi ọ̀pẹ kan tẹ̀ sí orí omi. Ọkọ̀ ojú omi kan wà ní èbúté láìsí ẹni tí yóò tù ú. Oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run sì pọ́n bí epo. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí èéfín. Àwọn tí ń wò ó a máa wí pé, "Ó mà tutù lójú o! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbèríko rí." Èmi wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ fi hàn nínú ìwé yìí pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí èké sí àwọn tí ń bọ́ wa, àti pé àwa olùkọ́ tí ń gbé e síwájú àwọn ọmọ pé kí wọ́n wò ó yà, àwa ni a ń ti ẹ̀rí èké náà lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra iṣẹ́ àwòrán. Ẹ̀bùn ńlá ni pé kí ọwọ́ ènìyàn lè mú ọ̀dà kí ó sì fi ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ hàn lórí aṣọ. Abáyọ̀mí Barber, ẹni tí a bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1928 tí ó sì kú ní 2021, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí abẹ́ ara rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, ó sì kọ́ wọn ní sùúrù tí ó yẹ fún ẹni tí yóò ya ènìyàn, àpáta àti ewéko. Èmi kò bá ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ṣe ẹjọ́. Ojú tí ó rí oko tí kò sì rí àgbẹ̀ ni mo bá ṣe ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi èdè wa léèrè. Yorùbá kì í pe ilẹ̀ ní ilẹ̀ lásán. Ẹgàn ni igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò tí ì kàn. Oko ni ilẹ̀ tí a ti ro. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí omi tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àbà ni ibùgbé àwọn tí oko wọn jìnnà sí ìlú. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ènìyàn ti ṣe sí ilẹ̀ náà, tàbí ohun tí kò tí ì ṣe sí i. Àwọn baba wa sì wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ààlà bá wà láàárín baba àti ọmọ tí ó bí, níbo ni ayàwòrán ti wá rí ilẹ̀ tí kò ní olówó orí rẹ̀? Ẹni tí ó bá ya oko tí kò ya iṣẹ́ ọwọ́ sí inú rẹ̀, ẹgàn ni ó yà, ó kàn fi orúkọ oko pè é ni.

Lẹ́yìn èdè, ẹ jẹ́ kí a bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ jáde kúrò ní ìgboro Ìlọrin, ẹ gba ọ̀nà Òkè-Oyì, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀bá Òkè Sobi, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò. Igi ẹmi àti igi irúgbá dúró káàkiri inú oko. Wọ́n jìnnà sí ara wọn, ọkà bàbà àti iṣu sì wà láàárín wọn. Àlejò yóò wí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe hù fúnra wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ ń ṣán oko, ó gé àwọn igi yòókù, ó sì dá àwọn wọ̀nyí sí, nítorí pé láti inú èso ẹmi ni a ti ń rí òrí, láti inú èso irúgbá ni a sì ti ń rí irú. Baba rẹ̀ ti dá wọn sí kí a tó bí i, bóyá baba baba rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà igi tí ayàwòrán rò pé ó dá dúró láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ìpinnu àwọn ènìyàn láti ìran dé ìran ni ó mú un dúró di òní.

Obìnrin ni ó sì ń ṣa èso ẹmi náà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń sè é, tí ó ń sá a, tí ó ń pa á, tí ó ń gún un, tí ó ń lọ̀ ọ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ po ó nínú omi títí òrí yóò fi léfòó. Gbogbo làálàá yìí rọ̀ mọ́ igi kan ṣoṣo. Ayàwòrán wá, ó ya igi náà, ó fi òjìji rẹ̀ sí ilẹ̀ dáradára, ó sì gbàgbé obìnrin tí ó tẹ̀ ba ní abẹ́ òjìji náà.

Ìgbèríko kò sì dákẹ́ rárá. Nígbà tí ọkà bàbà bá ń gbó, igbe àwọn ọmọ tí ń lé ẹyẹ ẹ̀gà kì í jẹ́ kí etí sinmi láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ọmọ odó ń dún, ajá ń gbó, àwọn Fúlàní ń súfèé fún màlúù wọn. Nínú ìgboro Ìlọrin fúnra rẹ̀, ní Dada ní apá Òkèlele, àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń to ìkòkò jọ ní gbangba, wọ́n ń fi igi àti koríko sun wọ́n, èéfín sì ń gòkè lọ. Nínú ilẹ̀ ni a ti wa amọ̀ náà, láti oko ni igi náà sì ti wá. Àwọn ayàwòrán wa a máa fẹ́ràn láti gbé ìkòkò kan sí ẹ̀bá odò. Ìkòkò náà a máa dára púpọ̀, a ó sì rò pé odò ni ó bí i.

Níbo ni àṣà yìí ti wá? Apá kan rẹ̀ ti òkè òkun wá, ó sì yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀, kí a má bàa wọ ẹ̀wù tí a kò mọ ẹni tí a rán an fún. Ní agbègbè Suffolk ní ilẹ̀ England ni a bí ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Gainsborough. Ní nǹkan bí 1750 ó ya ọkọ àti ìyàwó kan, Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Andrews, ní ẹ̀gbẹ́ oko wọn. Àwòrán náà wà ní National Gallery ní London. Ọkọ dúró pẹ̀lú ìbọn ní abẹ́ apá rẹ̀, ìyàwó jókòó nínú aṣọ aláwọ̀ sánmà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ìtí ọkà wà ní ìnàró. A ti gé wọn, a ti dì wọ́n. Ta ni ó gé wọn? Ta ni ó dì wọ́n? Kò sí alágbàṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo oko náà. Ohun tí olówó fẹ́ kí a rí ni a yà fún un: ilẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ajá rẹ̀ àti ìkórè rẹ̀.

Ní 1821 ọmọ Suffolk mìíràn, John Constable, ẹni tí baba rẹ̀ ní ọlọ omi, ya kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ó dúró nínú odò Stour. The Hay Wain ni a ń pe àwòrán náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni ó sì kà á sí àpẹẹrẹ ìgbèríko tí ó tòrò. Èmi kò sẹ́ ẹwà rẹ̀. Constable fẹ́ràn ilẹ̀ náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní 1816 àwọn alágbàṣe oko ti dìde ní apá ìlà-oòrùn England nítorí ebi. Ní 1822, ọdún kan péré lẹ́yìn àwòrán náà, wọ́n tún dìde ní Suffolk àti Norfolk, wọ́n sì ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo inú àwòrán náà dáradára: àwọn tí ń gé koríko wà ní ọ̀nà jíjìn réré, wọ́n kéré bí èèrà. Ebi tí ń pa wọ́n kò sí níbẹ̀ rárá.

Kí a má sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òyìnbó ṣe ń yà á. Ní ilẹ̀ Faransé ní 1857, Jean-François Millet ya àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ ba tí wọ́n ń pèéṣẹ́ nínú oko tí a ti kórè. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún ni òkìtì ọkà ti ga bí òkè, alábòójútó sì wà lórí ẹṣin. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Rúùtù kò ní ṣàìmọ̀ wọ́n. Ìwé náà sọ fún wa ẹni tí ó ni oko, ó sọ ti àwọn olùkórè, ó sọ ti àjèjì obìnrin tí ó jẹ́ opó, ó tilẹ̀ sọ ìwọ̀n ọkà bálì tí ó gbé lọ sílé ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Oko Bóásì kò pàdánù ẹwà rẹ̀ nítorí pé a sọ fún wa pé ebi ń pa ẹnìkan níbẹ̀.

Àwọn baba tiwa ńkọ́? Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. A gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum lẹ́yìn náà. Àbọ̀ òyìnbó aṣojú ìjọba sí ààfin ni ó gbẹ́ sí ara rẹ̀. Ọba wà níbẹ̀, àwọn olorì wà níbẹ̀, òyìnbó náà wà nínú ohun tí a fi ń gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé e wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ru ẹrù wà níbẹ̀, àní àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ní ọrùn kò gbẹ́yìn. Ní Ọ̀wọ̀, J. D. Akeredolu fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ wa kò mọ bí a ti ń pa ẹni tí ń ru ẹrù rẹ́ kí ẹrù kí ó sì dúró ní afẹ́fẹ́.

Bí a bá sì yẹ ìtàn àwòrán wò ní ilé-ìwé wa, a kò ní rí ẹni tí ó pàṣẹ oko òfìfo yìí fún wa. Àìná Onábólú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a bí ní 1882, kẹ́kọ̀ọ́ ní London láti 1920 sí 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré sí ojú. Ojú ènìyàn ni ó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ yà. Kenneth Murray, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ní èrò mìíràn: kí àwọn ọmọ ya ìgbésí ayé ìlú tiwọn, kí wọ́n má ṣe fara wé àwòrán òyìnbó. Ní 1937 a pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Zwemmer Gallery ní London, Ben Enwonwu sì wà lára wọn. Láti 1944 ni Akinọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń ya àwòrán sínú ìwé ìròyìn West African Pilot, tí ó ń fi kálàmù bá àwọn amúnisìn jà. Àwọn wọ̀nyí kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ènìyàn kò kúrò lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀lẹ tiwa àti ìfẹ́ àwọn tí ń rà ni ó mú oko òfìfo jókòó sí inú yàrá ìkàwé.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, "Ibi wo ni ó wà nínú rẹ̀? Àwòrán ṣáà ni." Ibi mẹ́ta ni mo rí.

Èkínní, ó ń kọ́ ọmọ pé ilẹ̀ kò ní ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí a parí ìdídò Kainji ní 1968, tí ilẹ̀ Borgu ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, omi bo ìlú Bussa àtijọ́, ó sì tó bí 44,000 ènìyàn tí a ṣí nípò. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò rí omi tí ó tẹ́ rẹrẹ, yóò sì fẹ́ yà á. Kí ó yà á. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìlú wà ní abẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí 2005, ìjọba Kwara fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó 13 tí wọ́n ti Zimbabwe wá ní ilẹ̀ ní Shonga, hẹ́kítà 1,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń dáko níbẹ̀ sì ní láti kó lọ sí ibòmíràn. Èmi kò wí pé àwòrán ni ó fa èyí, n kò sì wá dá ẹjọ́ iṣẹ́ náà níhìn-ín. Mo wí pé ojú tí ilẹ̀ òfìfo ti mọ́ lára láti kékeré kì í rántí bèèrè pé, "Ta ni ó wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Èkejì, ó ń kọ́ ọmọ pé ìdákẹ́jẹ́ ni àlàáfíà. Àwa ará Kwara kò gbọdọ̀ gba irọ́ yìí gbọ́. Ní oṣù November 2025, àwọn oníbọn wọ ilé ìjọsìn kan ní Erúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ, 38 sì ni ó padà wá sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Níbi tí ẹ̀rù irú èyí bá ti bà lé àgbẹ̀, oko yóò dákẹ́. Kò ní sí igbe ọmọ tí ń lé ẹyẹ, kò ní sí èéfín láti inú ahéré. Bí ayàwòrán bá kọjá lọ ní ọjọ́ náà, ohun tí yóò rí ni àwòrán tí a ti ń gbé kọ́ ògiri láti ọjọ́ yìí wá gẹ́lẹ́: ahéré kan, igi kan, oòrùn tí ń wọ̀, àti ènìyàn tí kò sí. Ṣé òun náà yóò pè é ní ìtura?

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń bẹ ní iwájú wa, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí a bá fi àwòrán yìí hàn wọ́n tí a sì wí pé, "Ẹ wo bí ìgbèríko ti lẹ́wà tó," a ti kọ́ wọn láti fẹ́ràn oko nígbà tí baba wọn kò bá sí níbẹ̀. Aṣọ oko tí ó ti gbó, ẹsẹ̀ tí erùpẹ̀ bò, ẹ̀yìn tí ó ti tẹ̀ nítorí ebè kíkọ, a ti sọ wọ́n di àbààwọ́n tí a nù kúrò kí àwòrán lè mọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò ní sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí baba rẹ̀ bá wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé-ìwé pẹ̀lú aṣọ oko, yóò sá pamọ́.

Mo mọ ohun tí a ó fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò wí pé ìsinmi ojú ni iṣẹ́ àwòrán, pé ìyà ayé ti pọ̀ tó. Mo gbà pé ojú ń fẹ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ni ó ń sinmi. Ẹ ya àgbẹ̀ tí ó sùn sí abẹ́ igi ní ọ̀sán gangan, ọkọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, akèrègbè omi rẹ̀ ní orí rẹ̀. Ìsinmi wà nínú ìyẹn ju inú ahéré òfìfo lọ.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn tí ń rà kò fẹ́ rí òógùn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ayàwòrán sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ kò ta àwòrán fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ó mú wa tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìfẹ́ inú oníbàárà tí kò sí nínú yàrá?

Ìdáhùn kẹta wúwo jù, àwa tí a ń kọ́ni ní Ìlọrin sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ wa, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Olùkọ́ tí ó bá bọ̀wọ̀ fún òbí yóò wí pé, "Kí wọ́n ya ilẹ̀ nìkan, kí ìjà má bàa sí." Ó ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n èmi kò wí pé ojú ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo àwòrán. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni mo ń bèèrè. Ọmọ lè ya ebè tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ọkọ́ tí a fi ti igi, ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ ti là, àkójọ iṣu nínú àká, èéfín tí ń jáde láti inú àbà, òfì tí aṣọ wà lórí rẹ̀. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá wò ó ni yóò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀ ní àárọ̀, yóò sì padà wá ní ọ̀la. Èyí sì dára fún ọmọ tí ó ń wí pé ènìyàn ṣòro láti yà, nítorí pé ọmọ tí ó lè ya igi ọ̀pẹ lè ya ọkọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ àwòrán òfìfo náà kalẹ̀ kúrò lára ògiri. Bí kò bá sì sí òmíràn, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì fi ṣe ìbéèrè: Ta ni ó ni ilẹ̀ yìí? Ta ni ó ń ro ó? Níbo ni ó lọ nígbà tí a ń yà á? Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dáhùn kí ó tó mú pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó wọn jáde lọ sí oko tí ó súnmọ́ ilé-ìwé jù lọ, kí wọ́n kí àgbẹ̀ tí wọ́n bá bá níbẹ̀ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ fún wọn ìdí tí ó fi dá igi kan sí tí ó sì gé èkejì.

Àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé ní ìsinmi, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè orúkọ odò tí wọ́n ń kọjá kí wọ́n tó dé oko, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ náà, àti ibi tí ààlà rẹ̀ dé. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé tí ẹ ó ya àwòrán sí, kí ẹ tó fa ìlà kan ṣoṣo sí iwájú rẹ̀.